Ọjọ́ tí Ìyá Rẹ Dùbúlẹ̀ Lórí Bẹ́ǹṣì

Isolo-Ọ̀pin,
Lẹ́bàá Osi, Ìpínlẹ̀ Kwara.
Oṣù Kẹjọ, 1984.

Adépéjú ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú Ìbàdàn, mo kí ọ kú ìwé tí kì í tán. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Tí o bá ń bèèrè wa, Ọlọ́run ń ṣọ́ wa, òjò ń rọ̀ dáadáa, iṣu tuntun ti wọlé, ewúrẹ́ pupa yẹn ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ etí fìlà mi. Ọlọ́run tó mú ọ la ìdánwò àkọ́kọ́ já yóò mú ọ la èyí tó kù já, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lọ́nà ibẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná Osi, mo sì kà á títí ó fi yé mi. O ní iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ ń ṣe ní Yunifásítì ni láti mọ ọ̀nà tó dára jù láti fi ọ̀rọ̀ wo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn. O ní aláìsàn á máa sọ̀rọ̀, dókítà á máa gbọ́, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Mo sọ fún àwọn àgbà ìjọ lẹ́yìn ìsìn pé ọmọ mi ń gba oyè nínú ọ̀rọ̀ gbígbọ́. Wọ́n ní ṣé ìjọba ló ń sanwó ìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó yẹ kí ìjọba mọ̀ pé ìyàwó olórí akọrin wa ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ ó ti pẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ ìlú tí kò gbọ́. Mo ní tìrẹ yàtọ̀, pé ìwọ kì í sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí wá ni èrè ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́ tí kò ní sọ?

Ohun kan wà nínú lẹ́tà náà tí kò bá mi lára mu. O ní ẹ pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, ẹ ń tọ́jú apá kan, ẹ ní kí apá kejì ṣì dúró ná, kí ẹ lè fi wọ́n wé ara wọn. Ó yé mi, nítorí àwọn ará ágíríkì wá síbí nígbà tí o ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fi ajílẹ̀ sí ebè àgbàdo apá ọ̀tún, wọn kò fi sí ti apá òsì. Ti ọ̀tún ga jù mí lọ, ti òsì pọ́n, kò ju orókún mi lọ, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Péjú, àgbàdo ni ìyẹn. Àgbàdo kò mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan du òun. Jọ̀wọ́, bí ọ̀gá rẹ bá ti lọ jẹun, yọ́ lọ bá àwọn tí ẹ ní kí wọ́n dúró yẹn, kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu wọn. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Ìdí tí mo fi ń ka lẹ́tà rẹ bí ẹni ń ka Bíbélì ni ìyá rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ, kò sí ohun tó ń sọ ju “ó dára” àti “ẹ ṣé” lọ. Òfì rẹ̀ dúró lára ògiri, aláǹtakùn ló ń hun aṣọ tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wá kí wa ṣe bí a ti máa ń ṣe, wọ́n ní kó má sunkún mọ́, wọ́n ní Ọlọ́run tó fúnni ló gbà á, wọ́n sì yí orúkọ tí wọ́n ń pè é padà. Ìyá Bándélé tí gbogbo ìlú ń pè é láti ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n sọ di Ìyá Péjú, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan egbò. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, èmi náà sì ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti adìẹ, ó ń gbẹ lójú mi. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí pé ẹni méjì ni mo máa sin.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n ṣe ìwádìí tèmi. O ní ẹ ń fún àwọn aláìsàn yín ní ìwé àti kiréyọ̀nù kí wọ́n ya ohun tó wà lọ́kàn wọn, pé ọ̀gá báńkì kan jókòó, ó ń ya adìẹ, ó sì ń sunkún. Mo ní kí n má fi owó mi sí báńkì yẹn. Síbẹ̀ mo ra kiréyọ̀nù ní Osi. Ìyá rẹ gbà á, ó dúpẹ́, ó fi èyí tó pupa sàmì sí àwọn ìkòkò rẹ̀. Mo wá ya àwòrán fúnra mi kó lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Ewúrẹ́ ni mo yà. Ó wò ó títí, ó bi mí pé mọ́tò ta ni. O ní àwọn mìíràn ń fi orin wo ara wọn sàn. Mo kọrin, ajá Lábọ̀dé aládùúgbò wa sì gbè é, ni mo bá dákẹ́. O ní ẹ máa ń bi aláìsàn pé nínú mẹ́wàá, máàkì mélòó ló máa fún ọkàn rẹ̀. Mo bi í. Ó ní òun kò ṣe ìdánwò kankan.

Ó wá ku ọ̀nà àtijọ́ tí o sọ, pé kí aláìsàn dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn, kí dókítà jókòó níbi orí rẹ̀ kí ojú wọn má baà pàdé. O kọ ọ́ pé àwọn dókítà ìsinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́, ṣùgbọ́n èmi náà kì í ṣe ará ìsinsìnyí. Mo gbé bẹ́ǹṣì tí àlejò ń jókòó sí bọ́ sí àárín pálọ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí, èyí tí a máa ń tẹ́ nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá, nítorí o ní ó yẹ kí ibẹ̀ tu aláìsàn lára. Ìyá rẹ ní òun máa dùbúlẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ń dun òun, àti pé bóyá n óò wá fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Òtútù ń mú un, mo fi etí aṣọ náà bò ó dé àyà.

Mo jókòó níbi orí rẹ̀, mo mú ìwé àti bírò dání, mo tẹrí ba. O kọ ọ́ pé kí á kọ́kọ́ bi aláìsàn pé orúkọ wo ló fẹ́ kí á máa pe òun. Ojú tì mí láti bi aya tí mo ti fẹ́ láti ọjọ́ èwe ní orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ni ìwádìí. Mo bi í. Kò dáhùn, ó di ojú rẹ̀. O ní bí aláìsàn bá dákẹ́, kí dókítà náà dákẹ́. Àwa méjèèjì dákẹ́.

Ibi tí a dákẹ́ sí ni Salamot ìyàwó Lábọ̀dé wọlé wá fọn iná. Péjú, ohun tó rí nìyí: obìnrin nà gbalaja lórí aṣọ funfun, ojú rẹ̀ dé, ọkọ rẹ̀ jókòó níbi orí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó dorí kodò. Àpáàdì bọ́ lọ́wọ́ Salamot. Ó fi igbe ta tí wọ́n gbọ́ dé ọ̀nà odò. Kò rántí mọ́ pé ìlú ti yí orúkọ padà, èyí tó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní Ìyá Bándélé o, Ìyá Bándélé ti fi wá sílẹ̀, Ìyá Bándélé ẹlẹ́yinjú àánú. Mo ń juwọ́ sí i pé ìwádìí ni, kò gbọ́. Àwọn èèyàn ti ń sáré bọ̀, Lábọ̀dé tilẹ̀ ti mú ṣọ́bìrì dání.

Ni ìyá rẹ bá dìde jókòó. Gbogbo wọn sá jáde, ó ku Salamot nìkan. Ìyá rẹ wò ó, ó ní, “Salamot, tún un pè.” Salamot ní Ìyá Bándélé. Ìyá rẹ ní kó tún un pè sí i. Ó tún un pè. Ìyá rẹ bú sẹ́kún, irú èyí tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, Salamot náà ń sun, èmi náà kò mọ ibi tí bírò wọlẹ̀ sí. Salamot fẹ́ sọ fún un pé ó tó, mo ṣẹ́jú sí i pé kó jẹ́ kó sun ún, nítorí lẹ́tà rẹ wí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ẹkún ni ọ̀rọ̀ wá. Ó sọ bí Bándélé ṣe gun igi ọsàn pásítọ̀ tí kò lè sọ̀ kalẹ̀, tí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ lọ gbé àkàbà wá. Ó sọ irú aró tí Bándélé ní kí òun fi rẹ òwú aṣọ tó fẹ́ fi gbéyàwó. A rẹ́rìn-ín, Péjú, nínú ilé yìí. Ó wá ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun, pé ikú gba ara rẹ̀, àwa gba orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwádìí rẹ, ọwọ́ mi kò gbà á.

Ó jẹ iyán lọ́jọ́ náà, ó sì tún bu òmíràn. Ó ti gbá aláǹtakùn kúrò lára òfì. Mo bi í ní máàkì, ó ní mẹ́ta, kí n má sì bèèrè mọ́. Jọ̀wọ́ sọ fún ọ̀gá rẹ pé mẹ́ta la gbà, kó má sọ ọ́ di mẹ́wàá. Kó sì kọ ọ́ pé bẹ́ǹṣì nìkan kò ṣiṣẹ́ ní Isolo-Ọ̀pin, àfi kí aládùúgbò tó mọ igbe ké wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo kó gbogbo lẹ́tà rẹ jọ, mo tún wọn kà. Láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ, o kò kọ orúkọ rẹ̀ rí. “Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn” lo máa ń kọ, o kò sì tíì wálé. O ń gbọ́ ti gbogbo ayé, ta ló ń gbọ́ tìrẹ? Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún àti apá òsì fún ìyá rẹ, ó ní Péjú gan-an wà lórí ebè tí wọn kò fi ajílẹ̀ sí. Òun ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Máa bọ̀ nílé. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, Salamot wà níbẹ̀, a sì ti ní kí Lábọ̀dé gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ pamọ́.

Tí o bá ń bọ̀, bá wa mú owó òwú díẹ̀ dání, ìyá rẹ fẹ́ fi aró tí Bándélé wí yẹn hun aṣọ kan fún ọ. Bí owó bá ṣẹ́kù, ra fìlà fún mi, o ṣáà mọ ohun tí ọmọ ewúrẹ́ ṣe. Bí owó kò bá sí, má torí rẹ̀ dúró. Ìwọ la fẹ́ rí.

Ọlọ́run tó gbọ́ tiwa yóò gbọ́ tìrẹ. Etí tí o fi ń gbọ́ ẹkún ọmọ ẹlòmíràn kò ní gbọ́ ohun búburú. Wàá lọ, wàá bọ̀, ẹ̀rín la ó fi pàdé rẹ ní gáréèjì Osi.

Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi bí mo ti ń kọ èyí. Ó ní orúkọ tí mo máa fi parí rẹ̀, òun ló máa yàn án.

Èmi ni,
Bàbá Bándélé.