Omi Àlùwàlá Mi Ń Tutù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ìjọ yín. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ déédéé, àwọn ènìyàn ibí sì fẹ́ràn mi.

Lánàá, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ibi iṣẹ́ wa lórí bí a ṣe lè borí ìbẹ̀rù àti ìkórìíra ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ẹni tí a kò bá gbélé rí ni a máa ń bẹ̀rù. Mo rántí yàrá wa nílé, àti búùtà omi àlùwàlá lílọ́ wọ́ọ́wọ́ tí ẹ máa ń gbé síwájú mi: "Lèmọ́mù, omi rẹ ń tutù o! Àbí èmi onígbàgbọ́ ni n ó bá ọ kírun?"

Níbi iṣẹ́, yàrá tí a ń kó wáyà sí ni mo ti ń kírun, nítorí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n má kírun. Mo kàn rí bí wọ́n ti ń dákẹ́ bí ìròyìn bá dárúkọ ẹ̀sìn àwa Mùsùlùmí. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ a máa ṣàwàdà: "Baba oníwáyà, ìyàwó lo fi pamọ́ síbẹ̀ ni?" Èmi náà a rẹ́rìn-ín.

Lánàá yìí, onímọ̀ náà wá ní kí ẹni tó ń fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́ nawọ́. Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, n kò lè nawọ́. Ọwọ́ òsì mi wà nínú àpò.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹ má wulẹ̀ kí mi. Ẹ ṣáà pariwo bíi ti ilé pé omi àlùwàlá mi ń tutù.

Èmi àbúrò yín.