Bí Ojú Waheedat Ṣe Dé Ìgbòho

Ilé Bàbá Àmúdà,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Àtijọ́,
Ìgbòho.

Misturat ọmọ mi,

Sálámù aléékùm, ìwọ ọmọ tí mo kọ́kọ́ gbé jó kí n tó mọ ijó jó. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ, Muhydeen, le? Ṣé ojú ibi tí àwọn dókítà ti la ikùn rẹ ti jinná, àbí ó ṣì ń dùn ọ́ tí o bá rẹ́rìn-ín? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú, ṣé ó ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí oorun sùn? Bí o bá béèrè àwa náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a jí, a sì ń rìn. Ọlọ́run tó fi ọmọ yìí dá ọ lóhùn yóò wò ó fún ọ, ojú kò ní pọ́n ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tọ́ sí ilé ayé, Èkó kò ní gbé yín mì. Àmín.

Òjò kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún yìí. Iṣu oko ẹ̀bá odò ti tóbi débi pé ebè ń là fúnra rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú tí o fi sílẹ̀ nígbà tí ò ń lọ sílé ọkọ ti bí ìbejì. Màmá rẹ Sàrátù ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀lùbọ́ rẹ ti gbẹ, pé kí o má ra ti Èkó mọ́, nítorí òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Òpó iná tó wó níwájú ilé wa, wọ́n ti gbé e dìde. Iná kò tíì sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí n mú kálàmù ni ọ̀rọ̀ àwòrán ọmọ rẹ. O mọ̀ pé ìyá mi, Ìyá Àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, kò tíì jáde kọjá ìloro láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ó ń ro àwọn, ṣùgbọ́n èmi ọmọ wọn mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Láti ọjọ́ tí a ti gbọ́ lórí fóònù pé ẹ sọ ọmọ ní Waheedat, tí àwọn náà sì fún un ní oríkì Àyìnkẹ́, oríkì ìyá tó bí àwọn gan-an, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wí: kí a jẹ́ kí àwọn rí ojú ọmọ náà kí àwọn tó lọ. Mo ní Ìyá, ẹ kò lọ síbì kankan. Wọ́n ní ṣé èmi ni mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ni.

Nígbà tí ọkọ rẹ wá fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù Caleb, ọmọ Tíṣà Akínyẹlé, tó ń tẹ ìwé fún gbogbo ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáráàjì, ọmọ dáadáa yẹn gbé fóònù náà wá bá wa nílé. Ìyá Àgbà gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n ní iná ni àwọn ń rí, pé ó ń ta àwọn lójú, pé ta ló ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́ inú dígí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ sórí bébà tó fẹ̀, èyí tí àwọn lè gbé lé itan bí a ti ń gbé ọmọ. Bí mo ṣe tẹ̀ lé Caleb lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀, Misturat, mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Orí tábìlì kan náà ni kọ̀ǹpútà àti pírńtà jókòó sí. Kọ̀ǹpútà ló ń ronú, pírńtà ló ń kọ̀wé. Okùn kan so wọ́n pọ̀ bí a ti ń so ewúrẹ́ méjì mọ́ èèkàn kan, wọn kò sì jà rí. Ṣùgbọ́n Caleb ní ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ti ń bẹ òun pé ọgbọ́n orí òun ti di ti àtijọ́, kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé òun sókè sí ọgbọ́n tuntun. Caleb ń sọ fún un pé kó ní sùúrù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbà tí mo lọ, ó gbà fún un. Ó ní gbogbo ọ̀sán ni kọ̀ǹpútà náà fi dákẹ́, tí nǹkan róbótó kan ń yí po lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbáà. Nígbà tó sì jí, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ń dán, ó ń kí Caleb káàbọ̀ bí ẹni pé wọn kò mọra rí.

Caleb pàṣẹ fún un pé kí ó gbé àwòrán jáde. Pírńtà mí kanlẹ̀, ó gbọn ara, ó fa bébà mọ́ra, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Irun ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, iwájú orí. Mo di tábìlì mú. Ojú méjèèjì jáde, wọ́n là sílẹ̀ kedere, wọ́n ń wò mí. Ibẹ̀ ló ti dúró. Kò sí imú, kò sí ẹnu, ìyókù bébà náà funfun báláú.

Caleb tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ní òun kò rí pírńtà kankan. Mo ní báwo ni kò ṣe ní rí i, nígbà tí wọ́n jọ jókòó, tí okùn sì so wọ́n? Mo wá rántí Wàhábì aládùúgbò wa. Láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé, bí o pè é ní Wàhábì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní gbọ́, àfi bí o bá fi Alhaji ṣáájú. Mo sọ fún Caleb pé kọ̀ǹpútà ti gorí oyè, orúkọ àtijọ́ sì ni pírńtà ṣì ń pè é. Caleb wò mí, ó ní Bàbá, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí bí ẹ ṣe wí yẹn. Mo dìde, mo bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ bí a ti ń bá tọkọtaya sọ ọ́. Mo ní kí ẹni tó gòkè má gan ẹni tó kù nílẹ̀, kí ẹni tó kù nílẹ̀ má ṣe bínú. Caleb ṣe àmín, ṣùgbọ́n wọn kò parí ìjà.

Mo gbé ìdajì ojú náà lọ sílé, nítorí ọwọ́ òfo kò yẹ aláìsàn. Ìyá Àgbà gbé e lé itan, wọ́n ń fi ìka tọ iwájú orí náà lọ tọ̀ ọ́ bọ̀. Wọ́n ní iwájú orí ìyá àwọn rèé. Omi bọ́ lójú wọn, inú mi dùn, mo rò pé ó ti parí. Àfi bí wọ́n ṣe béèrè pé ẹnu rẹ̀ ńkọ́. Mo ní ó ṣì wà lọ́dọ̀ Caleb. Wọ́n ní ọmọ tí kò lẹ́nu, báwo ni yóò ṣe pe àwọn, kí ni àwọn ó sì dáhùn. Wọ́n da ojú bébà náà dé, wọ́n kọjú sí ògiri. Màmá rẹ gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó gbé òmíràn wá ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi, Misturat. Mi ò sọ fún ọ lórí fóònù nítorí ojú ọgbẹ́ ikùn rẹ.

Mo sáré padà lọ bá Caleb, mo ní ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí o. Ó ní òun ti mọ ohun tó fà á, pé dẹ́rẹ́bà pírńtà ni. Ó ní dẹ́rẹ́bà tó wà níbẹ̀ ti gbó, kò mọ ọ̀nà inú ọgbọ́n tuntun tí kọ̀ǹpútà gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi kíá. Ta ni kò mọ dẹ́rẹ́bà tó máa gba èrò Ìgbòho ní Ṣakí, tó máa já gbogbo wọn sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí? Mo ní níbo la ó ti rí dẹ́rẹ́bà mìíràn. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe pírńtà náà ni, lókè òkun, pé òun yóò pè é wá, pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún wa, yóò dé lónìí.

Lónìí! Kí èèyàn ti òkè òkun wá sí Ìgbòho torí ẹnu ọmọ rẹ! Mi ò lè jẹ́ kí ó dé kí ebi kí i. Mo sáré wálé, mo pa awó tí mo ń sìn de ọdún, mo ní kí màmá rẹ gbé odó sílẹ̀. Màmá rẹ béèrè bóyá òyìnbó ń jẹ iyán. Mo ní ẹni tó bá wakọ̀ jìnnà tó yẹn, kò sí ohun tí kò ní jẹ. Mo ru oúnjẹ náà dé ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń wo ojú títì. Ọ̀kadà tó bá kọjá, mò ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ kan dúró, àwọn alágbàdo ló bọ́ sílẹ̀. Caleb na fóònù sókè lórí bẹ́ǹṣì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè rí i, ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé.

Lójijì ló pariwo pé dẹ́rẹ́bà ti dé, ó ti wọlé! Mo fò dìde. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, èmi ni mo sì jókòó sí i, ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Caleb nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó ní inú ibẹ̀ ló wà. Òógùn bò mí. Mo bọ́ fìlà mi, mo kí i káàbọ̀, mo bi í bóyá kò ní jáde wá jẹun. Caleb ní kì í jáde, iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Mo ní ṣé kí iyán máa tutù báyìí ni. Ọmọ náà wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ó ní kí èmi bá òun jẹ ẹ́, ó sì ní kí n kí yín púpọ̀. Ó jẹ ẹ́ kan egungun. Ọmọlúwàbí ni dẹ́rẹ́bà náà.

Bí Caleb ti nu ọwọ́ tán, ó tẹ bọ́tìnnì. Misturat, gbogbo ìgbà tí a ti ń bá pírńtà yẹn sọ̀rọ̀ tí kò dáhùn, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wa sọnù. Wọ́n ń tò wọ́n síbì kan ni! Waheedat jáde pẹ̀lú imú, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ẹnu kékeré tó là bí ẹni tó fẹ́ yán. Kí a tó pariwo, Waheedat mìíràn ti tẹ̀ lé e. Òmíràn tún dé. Àwọn ọlọ́kadà rọ́ wọlé, wọ́n ń wí pé Súbúhànáláhì. Caleb fẹ́ fa okùn yọ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní a kì í sọ fún Ọlọ́run pé ó tó. Ó ń jáde títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá, títí tàdáwà fi tán nínú ẹ̀rọ náà pátá. Mo dúró, mò ń rántí gbogbo ọdún tí o fi ń wá ọmọ, gbogbo àdúà tí mo ṣe lórí awọ àgùntàn mi tí mo rò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́. 

Nítorí náà bí o bá wálé, tí o rí ojú ọmọ rẹ lára ọ̀kadà, má bínú. Imáàmù gba ọ̀kan. Tíṣà Akínyẹlé fi ọ̀kan sínú Bíbélì rẹ̀, ó ní òun yóò máa gbàdúrà fún un láti ọ̀dọ̀ tiwọn.

Èyí tó dára jù ni mo gbé lọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n fọwọ́ kan imú, wọ́n fọwọ́ kan ẹnu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki Àyìnkẹ́, wọ́n ki í títí dé orí àwọn èèyàn tí èmi gan-an kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n béèrè ẹ̀kọ, wọ́n ní kí wọ́n fi mílíìkì sí i. Bí wọ́n ti mu ún tán, wọ́n ní kí n pe ọlọ́kadà wá, àwọn fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Mo rò pé àwàdà ni. A gbé wọn sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí a bá lọ́nà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bi Caleb pé ẹ̀rọ tó lè mú ọmọ wá láti Èkó, ṣé kò lè mú nǹkan lọ fún un ni. Caleb ní ó ń ṣe é, pé ohun tí wọ́n bá tẹ́ lé dígí orí rẹ̀ ni yóò mú. Ìyá Àgbà bu omi fọ ọwọ́, wọ́n nu ún, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn lé dígí náà. Ìmọ́lẹ̀ kan gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá láti etí kan dé ìkejì, ó hàn pupa láàárín ìka wọn. Wọn kò gbọ̀n. Ètè wọn nìkan ló ń mì.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí Caleb rí nǹkan fi ra tàdáwà mìíràn, nítorí àwìn ló lọ gbà kí ó tó lè tẹ ọwọ́ náà sórí bébà. Bá mi ra òróró ìpara fún ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà àti bátìrì rédíò mi. Kí Ọlọ́run máa rọ̀jò àlùbáríkà sí ilé rẹ, kí ó má gba ohun tó fún ọ, kí ó jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin láìpẹ́.

Bébà tí mo ká sínú ìwé yìí ni ọwọ́ Ìyá Àgbà. Bí Waheedat bá jí, tí o ti wẹ̀ ẹ́ tán, tẹ́ ẹ lé e lórí, kí o sì ṣe àmín. Má tètè gbé e kúrò o. Wọ́n ní àdúà tí àwọn ṣe lórí dígí yẹn gùn díẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àmúdà Kàdírì.