Ọmọṣẹ́ Tó Bú Ọ̀dàlẹ̀ Inú Sinimá Ṣáínà

Olóòtú wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ọpẹ́ tí mo jẹ yín: ẹ ṣé tí ẹ kí ọmọṣẹ́ mi lórí ètò yìí lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ̀mù. Ẹ wá kúuṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi. Igbein, nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, ni mo ti ń ránṣọ.

Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà ní Bùsírátù. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń wo sinimá Ṣáínà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń fi idà jà, tí wọ́n ń fò lórí òrùlé. Pírámárì ni mo kà mọ, òun ló ń ka òyìnbó tó ń jáde nísàlẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ kan nínú ẹ̀ lọ kọ́ ilé tí òun náà á ti máa kọ́ èèyàn níjà síwájú ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ẹ̀, Bùsírátù ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀: "Ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́!"

Ó gba fíríìdọ̀mù tán, ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tèmi gan-an ni Bùsírátù wá gbà! Mo bi í pé ọ̀dàlẹ̀ tó bú ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, sinimá mà nìyẹn." Ṣé sinimá ló kúnlẹ̀ tí mo gbàdúrà lé lórí? Ṣé Ṣáínà ló kọ́ Ẹ̀gbá bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fọ́gàá?

Ó tún ní kí n wá fàdúrà ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ní Sátidé. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mo ń jowú ọmọ. Bí mo bá lọ, ṣé kí n máa ṣàdúrà pé kí oníbàárà mi yà sọ́dọ̀ ẹ̀ ni?

Sinimá yẹn ò sì tíì parí nígbà tí Bùsírátù lọ, kò sẹ́ni tó máa ka òyìnbó ẹ̀ fún mi mọ́. Mi ò mọ ohun tí ọ̀gá inú sinimá yẹn ṣe fún ọmọṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin àtàwọn olùgbọ́, kí lẹ máa ṣe? Ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun, ni mo ń retí èsì.