Yànmùyánmú Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ajé, 3 oṣù kẹfà

Ọkọ̀ mi ń sunkún. Láti àárọ̀. Ohùn tín-ín-rín kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì — mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ròkè. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó wálẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Yànmùyánmú. Bùrẹ́dì tí mo yan kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbóná, òórùn rẹ̀ dùn, mi ò tilẹ̀ gbádùn ẹ̀. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ já bùrẹ́dì fún ní òun ti ń gbọ́ mi bọ̀ láti ìkòríta, kí ni mo gbé sínú ọkọ̀, ṣé ọmọ tuntun ni? Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Ìṣẹ́gun, 4

Ta ni mo tún fẹ́ gbé e lọ bá bí kò ṣe Bàámi? Mẹkáníìkì tó jẹ́ pé, nígbà tí mo wà ní kékeré, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ò tíì dúró tán, á ti sọ ibi tó ń dùn ún. Etí yẹn ló fi tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà.

Ó ní kí n ṣáná sí i, kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bẹ́líìtì ni, ó ti gbó. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní ó parí. Mo ṣáná — Yànmùyánmú ń ké lójú àwa méjèèjì. Àwọn oníbàárà jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wò wá.

Mo ní ó ti lọ, Bàámi, ẹ kú iṣẹ́.

Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa sọ fún bàbá ẹ̀ lójú èrò pé kò rí i ṣe?

Ọjọ́rú, 5

Kò lọ.

Ẹtì, 7

Mo padà síbẹ̀. Mo parọ́ pé ohùn mìíràn ló dé, pé ti àkọ́kọ́ ti lọ ráúráú. Ó tún gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òróró tó ń jẹ́ kí sítíárìn rọ̀ ló ti dínkù, ó bu òmíràn sí i. Ibi tó ti tẹ̀ba, fóònù ń dún lápò àyà ẹ̀. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Bàámi ò mira. Mo rò pé kò fẹ́ gbé e ni. Nígbà tó yá, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ó kí i, ó tún kí i. Kò dáhùn. Bàámi tó jẹ́ pé bí o bá kí i lẹ́ẹ̀kan, á béèrè gbogbo ará ilé rẹ, títí kan adìẹ. Aránṣọ wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí. Jẹ́ kí n kọ ọ́. Etí Bàámi ti ń lọ.

Àìkú, 9

Alága wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — ibikíbi tó bá ti jókòó, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹnì kan tó ń ta táyà, tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù Bàámi, kí Bàámi lọ máa sinmi. Bàámi ní ọjọ́ tóun bá ti jókòó lòun máa dùbúlẹ̀. Alága ní àgbà kì í bá irin jà. Bàámi dìde, ó lọ ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí Alága bá fi lè gbọ́ ti etí yìí, ó parí nìyẹn. Kí oṣù tó tán, táyà á ti kún ibẹ̀ dé àjà. Mo fi oúnjẹ dí ẹnu ara mi. Mo jẹun ju bó ṣe yẹ lọ.

Ajé, 10

Mo jókòó, mo dìde. Mo po ìyẹ̀fun, mo gbàgbé iyọ̀. Nínú ọkọ̀, mo tan rédíò kí n má baà gbọ́ Yànmùyánmú, Yànmùyánmú borí rédíò.

Ọjọ́rú, 12

Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì ti ń ṣẹ́jú sí mi níwájú. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, mo ń yọ́ rìn bí ẹni tó jí adìẹ gbé. Ta ni mo bá níbẹ̀? Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, oníbàárà Bàámi láti ayébáyé. Ó sápamọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì ẹ̀. Èmi náà ti fẹ́ sá. Ìgbà tí ojú wa ṣe mẹ́rin, a bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní Bàbá tún bọ́ọ̀sì òun ṣe, kò dáa, òun dọ̀bálẹ̀, òun dúpẹ́, òun gbé e wá síbí. Ta ló máa wí fún Bàbá? Ó ka orúkọ àwọn yòókù tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Bàámi ò mọ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Gbogbo ayé ló ń sọ fún un pé ó ti dáa. Ọ̀wọ̀ la fi ń tàn án jẹ, èmi ọmọ ẹ̀ sì ni aṣáájú. Mo bínú sí ara mi débi pé mo wakọ̀ kọjá ilé mi. Mi ò jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹn fọwọ́ kan ọkọ̀.

Ẹtì, 14

Ẹ́ńjìnì oníbàárà kan ń ṣiṣẹ́, Bàámi tẹ̀ sínú ẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́tìnnì ọwọ́ aṣọ ẹ̀ ti tú, ọwọ́ aṣọ náà ń fì lọ síbi tí bẹ́líìtì ti ń yí. Mo pè é. Mo pariwo. Mo sáré, mo fa aṣọ ẹ̀ lẹ́yìn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lù mí.

Ó bínú. Ó ní ṣé òun ti wá di ọmọdé ni, ṣé mi ò lè pe òun ni?

Mo ní mo pè yín, Bàámi.

Ó wo ojú mi. Ó wo bẹ́líìtì. Ó lọ fọ ọwọ́. Ó pẹ́ nídìí omi.

Àbámẹ́ta, 15

Bùrẹ́dì jóná. Gbogbo ẹ̀.

Àìkú, 16

Alága pè mí. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, òun àti ọlọ́táyà ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ Bàámi, òun ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn ẹ̀ rọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Ìṣẹ́gun, 18

Ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà, tòun ti bùrẹ́dì. Bátìrì ti gbẹ. Bàámi ló wá fi okùn fà á. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀, ó yá iná lára bátìrì ọkọ̀ mìíràn, ó ní kí n ṣáná.

Ó mú sukudiráfà gígùn. Ó fi ẹnu irin ẹ̀ ti ara ọtanétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ó fi ìdí igi ẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń ṣe. Ó mi orí. Ó wá gé ìdí igi náà jẹ, ó fi eyín dì í mú.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kò sì pa mí. Ó dijú. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ojú ẹ̀ yí padà, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ará ilé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Béárìn inú ẹ̀, ibi tó fi ń yí, ló gbẹ. Ó ń lọ̀ bí ọlọ."

Eyín ló fi gbọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó dàgbà, àwọn á máa fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn á ní ebi ló ń pa á tó fi ń jẹ irinṣẹ́. Ó ní ọ̀gá náà ò sọ fún ẹnì kankan pé òun ò gbọ́ran dáadáa mọ́.

Ó yọ bẹ́líìtì, ó yí ọtanétọ̀, ó mú ọwọ́ mi náà fi yí i. Ó rin mí lọ́wọ́, bí ìgbà tí iyanrìn bá wà nínú ẹ̀. Láìwò mí, ó béèrè pé ọjọ́ tóun pààrọ̀ bẹ́líìtì, ṣé ohùn yẹn lọ lóòótọ́.

Mo ní kò lọ.

Ó ní ọkọ̀ àwọn oníbàárà yòókù ńkọ́? Mo mú àkísà, mo ń nu ọtanétọ̀. Ó ní ó dáa, ó ti yé òun.

Ọjọ́bọ̀, 20

Béárìn tuntun ti wọlé. Kó tó ní kí n ṣáná, Bàámi yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sórí bẹ́ńṣì. Ó ní Alága ti pe òun. Ó ní bí òun ò bá lè tún èyí ṣe títí á fi dákẹ́, kọ́kọ́rọ́ nìyẹn, kí n gbé e fún un, òun ò ní jà. Òun ò sì ní fi eyín gbọ́ ọ. Etí tèmi ló máa dá ẹjọ́ náà.

Mo ṣáná.

Ó bi mí pé, "Ṣé ó ti dákẹ́?"

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì gbọ́ kí Bàámi bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè yìí. Òun ló máa ń sọ fún èèyàn. "Ó ti dákẹ́" ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ń wo kọ́kọ́rọ́.

Ó ní, "Má bọ̀wọ̀ fún mi o."

Yànmùyánmú ṣì wà. Ó kéré, ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó wà.

Mo ní, "Rárá, Bàámi."

Ó mi orí. Ó mú sípánà, ó ní ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì le jù, ó dẹ̀ ẹ́. Ó ní ńkọ́? Mo ní rárá, ó kù díẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó fi ojú wọn bí àwọn púlì tí bẹ́líìtì ń gbà yí ṣe tò, ó rí i pé ọ̀kan yọ síta díẹ̀, ó yọ gbogbo ẹ̀ padà, ó tún un tò. Òógùn bò ó. Mo dúró, mo ń jẹ èékánná. Ó ní kí n ṣáná.

Mo tẹ́tí. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, mo jọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnì nìkan ni mo gbọ́. Omi bọ́ lójú mi kí n tó lè lanu.

Mo ní ó ti dákẹ́.

Mo rò pé á ní kí n búra. Ó nu ọwọ́ ẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ká ní o ò sọ pé rárá fún mi lẹ́ẹ̀mejì ni, mi ò bá tí gbà ọ́ gbọ́."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí bẹ́ńṣì, ó fi sápò. Ó ní kí n wá ní Àbámẹ́ta, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ohun tí mo gbọ́, kí n sì sọ ohun tí òun ò gbọ́.

Mo máa lọ. Màá gbé bùrẹ́dì gbígbóná dání.