Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Tí Ọkọ Mi Sọ Níwájú Kámẹ́rà

Bàbá mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ilé wa ní Pobè ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ sọ́run, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ǹtì láti Onigbolo ṣì ń da eruku sí wa lára. Ọkọ mi, olórin onígìtá tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn, ti di òṣèré. Àwọn kan láti Kútọnu ló ń ṣe fíìmù ìfẹ́ nípa olórin ìgbèríko kan tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, wọ́n sì ní kó wá ṣe olórin náà.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n kó tó jáde, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀. Mo bi í pé ta ni obìnrin inú fíìmù náà. Ó ní òṣèré kan ni, pé òun kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Bàbá, ta ló ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ kì í ra gàrí láìjẹ́ pé ẹ bù díẹ̀ sẹ́nu. Ìyá mi a máa bínú pé ẹ ń dójú ti òun lọ́jà. Èmi ni mo jogún ìwà yẹn. Mo gun alùpùpù akérò lọ sí Sakété níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, n kò sọ fún ọkọ mi.

Ẹ̀yìn ọjà ni mo ti bá wọn. Èrò pọ̀, mo fara pamọ́ sáàárín wọn. Ọkọ mi gbé gìtá lé orúnkún, ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, ó ní: "Ibi yòówù kí ọ̀nà gbé mi dé, ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi nìyẹn ní oko yín ní Yoko, nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀ tí mò ń sunkún lábẹ́ ọ̀pẹ. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Olùdarí fíìmù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó tún un sọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà gbogbo. Èwo wá ni òótọ́ níbẹ̀? Àbí eré ló ń bá mi ṣe lọ́jọ́ náà?

Nígbà tí wọ́n sinmi, mo yọ sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún òun kò bá òun lẹ́nu mu, wọ́n wá ní kí òun sọ ohun tí ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ máa ń sọ, èyí nìkan ni òun sì mọ̀. Mo ní kó sọ òmíràn fún mi, èyí tí etí kankan kò tíì gbọ́. Ó gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀rù rẹ ń bà mí," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ojú tí bàbá rẹ fi ń wò mí lo fi ń wò mí."

Kò dùn létí, kò ṣeé fi kọrin, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀la ni wọ́n tún máa ṣiṣẹ́. Ó ní kí n bá òun lọ. Màá lọ, iwájú ni màá sì jókòó sí.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń wò ó bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ rí nǹkan kan tí ẹ kò sọ fún mi ni?

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.