Ẹ̀yìn Ọmọ Tí N Kò Rí: Ìwé Ìhágún Dókítà Olúbùkọ́lá Ọlápàdé

Èmi, Olúbùkọ́lá Monísọ́lá Ọlápàdé, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́, tí mo ń gbé ní Kwangila nílùú Zaria, tí mo sì ń ṣe iṣẹ́ dókítà ní yàrá ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú oyún, mo kéde pé orí mi pé, ojú mi dá, ẹnikẹ́ni kò sì fi agbára mú ọwọ́ mi kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Àyà mi nìkan ni kò dá. Ibà kan tó ṣe mí ní kékeré ló ba ilẹ̀kùn ọkàn mi jẹ́, wọn yóò sì là mí láyà ní Ẹ̀nugù ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí láti tún un ṣe. Àwọn oníṣẹ́ abẹ sọ fún mi pé nínú ènìyàn mẹ́wàá irú mi tó bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, méje ló ń jáde láàyè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ ọ́.

Àwọn alámòójútó ìwé yìí ni ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá Ọlápàdé, olùkọ́ ní Basawa, àti Lọ́yà Kàbírù Abdulganiyu, ẹni tí ó mọ òfin ju bí ó ti mọ̀ mí lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án.

Ìkíní. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní Basawa: ìpín tèmi nínú rẹ̀ ni mo fún Túnráyọ̀, ọmọbìnrin Hámzàt àti Raliat, ará Dogarawa, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá níbẹ̀ bá ń san lórí ìpín náà ni kí ẹ máa fi gbé e lọ gba ìtọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, títí tí yóò fi dàgbà tó láti pinnu fún ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn sí èyí. Ní oṣù kẹjọ, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, ẹ ní ta ni mo fẹ́ fi orúkọ bàbá wa tọrẹ fún, ẹ ní kí n fọwọ́ sí ìwé irọ́ tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gbé wá, kí n jẹ́ kí ilé rójú. Mo di ẹrù mi, mo kó wá sí Kwangila, a kò sì tí ì fọwọ́ kan abọ́ kan náà láti ọjọ́ yẹn. Ìbínú mi ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ nà mí nítorí irọ́. Mo ní mo ti bomi rin òdòdó ilé ìwé, n kò sì bomi rin ín. Mo jẹ ẹgba mẹ́fà. Ẹ kò lè nà mí nítorí òdòdó kí ẹ wá ní kí n fọwọ́ sí èyí.

Ìkejì. Àwọn ìwé ìṣègùn mi, aṣọ iṣẹ́ funfun mẹ́ta, àti ohun èlò tí mo fi ń gbọ́ àyà aláìsàn, jẹ́ ti ọ̀dọ́ dókítà tí wọ́n bá fi rọ́pò mi ní yàrá ẹ̀rọ, ẹni yòówù kó jẹ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan: bí o kò bá rí i, kọ ọ́ pé o kò rí i.

Ìkẹta. Aago ọwọ́ tí Fẹ́mi, olùkọ́ ní yunifásítì, fún mi nígbà tí a ń múra ìgbéyàwó, kí ẹ dá a padà fún un. Ó ní kí n dúró kí a ṣe ìgbéyàwó tán kí n tó sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí kankan. Èmi ni mo dá àdéhùn wa dúró, kì í ṣe òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé n kò sọ ọ́ fún un tó.

Ìkẹrin. Adìẹ mẹ́jọ ló wà lẹ́yìnkùlé mi: àgbébọ̀ pupa kan àti ọmọ rẹ̀ méje. Mo dá gbogbo wọn padà fún Alhaja Sarat, ìyá Hámzàt, oníṣòwò abọ́ tánganran ní Sabon Gari, tí ilé rẹ̀ wà ní Dogarawa. Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Alàmísì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Alhaja mú Raliat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, wá sí yàrá ẹ̀rọ wa. Oyún náà ti pé oṣù mẹ́fà. Mo da òróró sí i níkùn, mo wo orí ọmọ, mo wo ọkàn rẹ̀, mo wọn egungun itan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ̀yìn ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì yí padà. Ìlànà iṣẹ́ wa kò le: kí aboyún dìde, kó rìn díẹ̀, kó tún wá dùbúlẹ̀; bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yìn kò hàn, kí á dá ọjọ́ mìíràn fún un. Obìnrin mọ́kàndínlógún ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta.

Alhaja bi mí bóyá lafiya ni. Mo ní orí dára, ọkàn dára, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti na ọwọ́ bo ikùn Raliat. Ó ní haba, dókítà, ta ní í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú aboyún? Ó ní ṣé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti wò mí dàgbà ni, àbí ìyá mi kò kọ́ mi bí a ti ń dá aboyún lóhùn? Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bẹ Alhaja kó fojú fò mí, ó ní ìwé ló ti pọ̀ jù lágbárí mi. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní àlàáfíà ni, Màmá, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Gbogbo wọn ṣe àmín. Àdúrà ni mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, mo mú bírò, mo kọ àdúrà náà sínú ìwé àyẹ̀wò bí ẹni pé ojú mi ló rí i: gbogbo ara ọmọ pé, kò sí àbùkù.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo mú ìwé pélébé tí mo máa ń fi sápò aṣọ iṣẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Raliat Hámzàt, Dogarawa. Ẹ̀yìn kò hàn. Pè é padà. N kò tí ì fi bírò sílẹ̀ tí Alhaja fi wọlé pẹ̀lú àgbébọ̀ pupa tí a so lẹ́sẹ̀. Ó ní òun wá dúpẹ́ ọ̀rọ̀ rere àná, kí n má sì ka ẹnu òun sí. Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí, ọmọ Yorùbá ni yín, ẹ bá mi rò ó: ta ní í gba adìẹ ọpẹ́ lọ́wọ́ àgbà tán, tí í tún sọ fún un pé ohun tó wá dúpẹ́ lé lórí kò dá òun lójú? Mo gba adìẹ. N kò pe Raliat. N kò lè pa adìẹ náà jẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè tà á, ó sì ti di mẹ́jọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìkarùn-ún. Ìwé pélébé náà, aláwọ̀ ewé, ni mo fún Raliat fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ̀. Ohun tí mo jẹ Raliat ní gbèsè ló wà nínú rẹ̀.

Nítorí pé ìwé wa ní kò sí àbùkù, ilé ni Raliat bí sí ní oṣù kejì ọdún yìí, ìyá àgbà àdúgbò ló gbẹ̀bí rẹ̀. Kókó kan tó tó ẹyin adìẹ wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ náà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó, níbi tí egungun ẹ̀yìn kò ti pàdé. Wọ́n gba ìwé wa gbọ́, wọ́n ní eéwo ni, wọ́n fi òrí pa á. Ní ọjọ́ kẹta ó bẹ́, wọ́n gbé ọmọ sáré tọ̀ wá wá. Àwọn oníṣẹ́ abẹ gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò mira.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Bí ọmọ náà bá tiẹ̀ yí ẹ̀yìn sí mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ wa, tí àwòrán rẹ̀ rí bàìbàì bí ohun tí a ń wò láàrin òjò, lè fi kókó náà pamọ́ fún mi. Kì í sì í ṣe ọwọ́ wa ni àbùkù náà ti wá. Dókítà tí kò rí ohun tó fara pamọ́ kò jẹ̀bi. Èyí tó kọ ọ́ pé òun rí ohun tí òun kò rí ló jẹ̀bi. Ká ní mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ̀yìn kò hàn, síbi tó yẹ ni, Raliat ì bá bí lọ́dọ̀ wa, wọn ì bá fi aṣọ mímọ́ bo ẹ̀yìn ọmọ ní wákàtí tó dáyé, oníṣẹ́ abẹ ì bá sì wà nítòsí. Bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá gbé e, bóyá kò ní gbé e. Àǹfààní bóyá yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní oṣù kẹjọ, mo ṣí ìwé ńlá yàrá ẹ̀rọ, mo sì rí i pé ẹnìkan ti fi ọ̀rọ̀ kún ìlà mi: a ní kó padà wá, kò wá. Bírò dúdú ni. Búlúù ni mo fi kọ tèmi. Dókítà Ernest, ọ̀gá wa, tó kọ́ mi bí a ti ń lo ẹ̀rọ náà, gbé lẹ́tà kan fún mi kí n fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní bí mo bá sọ tẹnu mi, wọn yóò ti yàrá náà pa, àwọn ìyá tí à ń gbà là níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò sì máa kú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, mo gbé e yẹ̀ wò títí. Ṣùgbọ́n yàrá tí kò bá lè dúró àfi tí wọ́n bá gbé e lé Raliat lẹ́yìn, kí ó wó.

N kò fọwọ́ sí i. N kò sì sọ̀rọ̀. Ìlà bírò dúdú náà ti dé Dogarawa, àwọn ará ilé ọkọ ń sọ pé ilé ìwòsàn ní kí Raliat padà wá, ó fi pamọ́. Hámzàt ní bí ìgbìmọ̀ bá fi lélẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin, kí ó fi ọmọ sílẹ̀. Alhaja wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà, ó mọ ohun tí etí òun gbọ́, ó dákẹ́. N kò lè dá a lẹ́bi. Èmi tí mo kàwé náà dákẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Mo pàṣẹ kí Lọ́yà Kàbírù ka ìpín yìí síwájú wọn: kò sí ẹni tó ní kí Raliat padà wá. Kò ṣàìgbọràn. Èmi ni mo kọ ohun tí n kò rí. Mo sì ń bẹ ìgbìmọ̀ nítorí àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì: kí wọ́n fi àyè kan sínú ìwé àyẹ̀wò fún ohun tí a kò rí, kí wọ́n sì máa ka àyè náà sí aboyún létí ní èdè tó gbọ́.

Ìkẹfà. Mo ti ka ìwé yìí láti òkè dé ibí, mo sì rí ara mi nínú rẹ̀. Ìwé ìhágún a máa dúró de ikú kó tó sọ̀rọ̀. Bí mo bá yè, ìwé yìí yóò wà nínú àpótí Lọ́yà, ọjọ́ ìgbìmọ̀ yóò sì kọjá nígbà tí mo ṣì wà lórí ibùsùn. Ohun tí mo ṣe ní òwúrọ̀ Jímọ̀ yẹn ni mo tún fẹ́ ṣe: mo kọ òtítọ́ sílẹ̀ tán, mo fẹ́ fi sápò. Nítorí náà, mo yọ Ìpín Karùn-ún kúrò lábẹ́ ikú mi. Òní ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí Lọ́yà Kàbírù fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lọ́la. Èmi fúnra mi yóò sì lọ sí Dogarawa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìkeje. Bí mo bá kú ní Ẹ̀nugù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn oníṣẹ́ abẹ ló pa mí, àfi tí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ohun tí wọn kò rí.

Mo fọwọ́ sí i ní Kwangila, Zaria, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1982.
Olúbùkọ́lá Monísọ́lá Ọlápàdé

Àwọn ẹlẹ́rìí tó rí i nígbà tó ń fọwọ́ sí i:
Mobọ́lá Adélàjà, nọ́ọ̀sì
Oyèládé Akínwándé, olùkọ́

ÀFIKÚN, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1982

Mo lọ sí Dogarawa láàárọ̀ òní pẹ̀lú adìẹ mẹ́jọ nínú agbọ̀n. Lọ́yà Kàbírù bá mi lọ. Mo kúnlẹ̀ ní àgbàlá, mo ka Ìpín Kẹrin àti Ìkarùn-ún, Lọ́yà sì ń sọ ọ́ ní Hausa fún àwọn aládùúgbò. Nígbà tí mo parí, Raliat ní kí n tún un kà láti ibi tí mo ti ní òun kò ṣàìgbọràn. Ó ní kí Hámzàt kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó súnmọ́ ọ̀dọ̀ wa, kó gbọ́ ọ. Mo tún un kà. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bi í. Ó gba ìwé pélébé náà, ó fi sábẹ́ ìborùn rẹ̀.

Alhaja Sarat ló fọhùn tẹ̀lé e. Ó ní wallahi, òun wà níbẹ̀, etí òun gbọ́ ọ nígbà tí mo ní n kò tí ì rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu òun ló sì lé ọ̀rọ̀ náà padà sí mi lọ́fun. Ó ní ojú ló ń ti òun láti ọjọ́ yìí wá. Hámzàt tẹjú mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Lọ́yà sọ fún wọn pé wọn yóò là mí láyà, Alhaja bi mí bóyá lafiya ni yóò já sí. Mo ní nínú mẹ́wàá, méje ló ń jáde, mẹ́ta kì í jáde. Mo dúró de ìbáwí. Ó ní òun gbọ́. Ìgbà tó gbọ́ tán ló tó gbàdúrà.

Nítorí náà, mo fagi lé Ìpín Kẹrin. Alhaja kọ àwọn adìẹ náà, ó ní a kì í gba ọpẹ́ padà. Kí wọ́n jẹ́ ti Túnráyọ̀, kí ó máa jẹ ẹyin wọn. Mo fara mọ́ ọn. Alhaja kò jogún ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́, Lọ́yà sì ní òfin gbà á láyè báyìí láti jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Olúbùkọ́lá Monísọ́lá Ọlápàdé

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Kàbírù Abdulganiyu, lọ́yà
Alhaja Sarat, àtàńpàkò ọ̀tún, lẹ́yìn tí a ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ní bẹ́ẹ̀ ló rí