Aṣọ Funfun Lára Ìrókò

Sátidé, 1 Máàṣì

Mo sọ̀rọ̀ lónìí. Odindi wákàtí mẹ́ta. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí láti Mọ́ńdè títí di àná, "ẹ ṣé" tí mo sọ fún oníbúrẹ́dì nìkan ló jáde lẹ́nu mi. Iṣẹ́ mi ò gba ẹnu: oníbàárà á tẹ ọ̀rọ̀ sí mi lórí kọ̀ǹpútà, èmi náà á tẹ èsì padà. Látìgbà tí Yínká tá a jọ ń gbé ti lọ Kánádà, èmi àti ògiri Sábó yìí ló kù.

Ọgbà igi ìjọba ni mo lọ. Ní Sátidé, àwa tá a yọ̀ǹda ara wa máa ń mú àlejò rìn kiri, ká fi igi hàn wọ́n, ká ka ẹyẹ. Àǹtí Mabel ni ọ̀gá ibẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́dìí ju ti ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Akínyẹlé tó ń tọ́jú igi ni mò ń tìtorí wọn lọ. Bàbá ò mọ̀. Lónìí, wọ́n fi ẹyẹ àtíòro hàn mí lórí ìrókò ẹ̀yìn kànga. Abo wà nínú ihò igi, ó ti fi ẹrẹ̀ dí ara ẹ̀ mọ́bẹ̀, ihò tóóró kan ló ṣẹ́kù. Akọ ló ń gbé èso wá fún un. Bàbá ní ó lè tó oṣù méjì kó tó jáde. Mo ní bí èmi náà ṣe wà nìyẹn. Wọ́n ní rárá, ta ló ń gbé oúnjẹ wá fún èmi?

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó.

Túsìdeè, 4 Máàṣì

Òjò. Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Sátidé, 8 Máàṣì

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní àwọn agégi ń bọ̀ ní Túsìdeè láti wá gé ẹ̀ka. Igi tí ẹyẹ bá ń gbé, ká so okùn pupa mọ́ ọn kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án. Okùn pupa tán nídìí máńgòrò. Ó wá ku ìrókò mi. Ṣé kí n fi àtíòro sílẹ̀ fún ayùn ni? Mo tú ìborí mi — funfun, gígùn, ti ẹgbẹ́ akọrin tí mi ò lọ mọ́ — mo so ó mọ́ igi náà, mo ta á ní kókó ńlá níwájú. Ó wù mí. Mo tiẹ̀ yà á ní fọ́tò. Orí lásán ni mo fi wọ kẹ̀kẹ́ délé, inú mi ń dùn.

Túsìdeè, 11 Máàṣì

Mo gbé.

Àwọn agégi dé, wọ́n rí ìrókò tó ró aṣọ funfun, wọ́n kó ayùn wọn padà sọ́kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò bá òrìṣà ẹnikẹ́ni jà. Obì ti wà nídìí igi, àti àkàrà méje. Ta ló gbé e síbẹ̀? Ọlọ́run ló mọ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù wa pé ta ló so aṣọ òrìṣà mọ́ igi ìjọba. Gbogbo wọn ní àwọn kọ́. Èmi náà tẹ̀ ẹ́: "Èmi kọ́ o, mà." Ìka mi yára jù mí lọ.

Mi ò mọ̀! Sábó ni wọ́n bí mi sí, ìrókò wo ni mo bá pàdé rí? Ẹyẹ ni mò ń rò. Ọmọ Yorùbá tó kàwé jáde ní yunifásítì, tó lọ fi aṣọ funfun wé ìrókò lọ́sàn-án gangan. Màmá mi ì bá fọ́ mi létí.

Wẹ́sìdeè, 12 Máàṣì

Àwọn aládùúrà kan ti wá da òróró sídìí igi. Ilé-ìwé kan ní Sùúrùlérè ní àwọn ọmọ àwọn ò wá sí ọgbà yẹn mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé èmi ni. Mo pa á rẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tún pa á rẹ́. Wọ́n á ní kí n má wá mọ́. Tí wọ́n bá gba Sátidé lọ́wọ́ mi, kí ló kù?

Tọ́sìdeè, 13 Máàṣì

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti lé Bàbá Akínyẹlé lọ sílé.

Ó ní Bàbá ló so aṣọ náà. Ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Ó kàn jẹ́ pé àwọn nìkan ló kọlà nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà, àwọn náà ló sì mọ orúkọ ewé. Díákónì ni Bàbá o, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó! Mo gbọ́ pé wọn ò sọ pé àwọn kọ́, wọn ò sì sọ pé àwọn ni. Wọ́n kó bàtà òjò wọn, wọ́n lọ.



Fúráìdeè, 14 Máàṣì

Ojo ni mí.

Sátidé, 15 Máàṣì

Mo ṣì lọ síbẹ̀ o. Mo mú àlejò mẹ́fà rìn. Ìyá kan bi mí léèrè orúkọ igi kan, mo yíjú wẹ̀yìn kí Bàbá bá mi dá a lóhùn. Kò sẹ́nì kankan. Mo ní mi ò mọ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fún mi ní bisikíìtì, ó ní mò ń gbìyànjú. Mo sì jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Mọ́ńdè, 17 Máàṣì

Mo rí bàbá kan tó kọlà ní títì, mo sáré kó wọ ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Kì í ṣe Bàbá Akínyẹlé. Mo ra oògùn orí fífọ́. Orí ò fọ́ mi.

Wẹ́sìdeè, 19 Máàṣì

Mo pe Bàbá lórí fóònù. Wọ́n gbé e. Mo gbọ́ ohùn wọn, mo pa á.

Sátidé, 22 Máàṣì

Mo ti sọ ọ́.

Mo wọ ọ́fíìsì Ìyá Kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, mo ní èmi ni, mo fi fọ́tò hàn án. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èmi tí mi ò mọ ewúro yàtọ̀ sí èfìnrín? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kò lé mi. Kò tiẹ̀ bú mi. Èmi ṣe é, ó di eré. Wọ́n ní Bàbá ṣe é, ó di ẹbọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ó pe Bàbá níwájú mi pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Mo sáré lọ sílé Bàbá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Bàbá wà níta, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sínú táyà. Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́ gbogbo ẹ̀: ìborí, agégi, Wọ́sáàpù, bí ẹ̀rù ṣe bà mí pé wọ́n á gba Sátidé lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń já ẹ̀fọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Àwọn rí mi nígbà tí mò ń so ó. Wọn ò fẹ́ kó ìtìjú bá mi lójú àlejò, wọ́n ní tí mo bá ti lọ, àwọn á rọra tú u. Ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́ nírọ̀lẹ́ yẹn, ni wọ́n bá gbàgbé.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dárúkọ mi.

"Mo rò pé wàá sọ ọ́ fúnra ẹ. Mo ní bóyá Fúráìdeè. Fúráìdeè kọjá, mo ní bóyá Sátidé. Nígbà tó o pè mí ní Wẹ́sìdeè, mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ náà ti dé. O wá pa fóònù."

Wọn ò gbóhùn sókè. Wọ́n ní àwọn ò padà sí ọgbà mọ́, pé àwọn èèyàn tó wo ilà ojú Bàbá tí wọ́n rí ẹbọ níbẹ̀, Bàbá ò lè tún máa wojú wọn. Mo bẹ̀, mo bẹ̀. Mo wá ní ṣé kí n máa wá kí wọn ní Sátidé.

"Sátidé kẹ̀? Òun lo tìtorí ẹ̀ dákẹ́. Máa lọ sí ọgbà ẹ."

Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbọn yanrìn kúrò lórúnkún mi, wọ́n sìn mí dé títì. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi rí kẹ̀kẹ́.